Pọ́tífólíò mi tí kò mọ orúkọ mi kọ

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹ tó máa wá ibi tí mo ti di ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ yìí: mi ò tíì di ọ̀gá níbì kankan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ND nínú iṣẹ́ dísáìnì ni, ní pólì kan níbí n'Íbàdàn, mo dẹ̀ ń wá ibi tí mo ti máa ṣe IT (ìkọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́) ọdún kan kí n tó padà wọlé fún HND. Gbogbo ibi tí mo bá ti béèrè, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ, "fi líǹkì pọ́tífólíò rẹ ránṣẹ́." Pọ́tífólíò ni ibi tí dísáínà ń kó iṣẹ́ tó ti ṣe jọ sí káyé lè rí i. Líǹkì kẹ̀? Ohun tí mo ní ò ju fóldà kan lórí láptọ́ọ̀pù tó ń jẹ́ "FINAL FINAL 2", àti àwọn fọ́tò tó fọ́n káàkiri inú fóònù. Ni mo bá ní ó dáa, màá kọ́ ọ fúnra mi, màá dẹ̀ máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, tó bá bàjẹ́ ká lè mọ ibi tó ti bàjẹ́.

Ọjọ́ 1

Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n kàn kó gbogbo ẹ̀ sórí Behance, wẹ́bsáìtì tí àwọn dísáínà ń pàtẹ iṣẹ́ wọn sí, kí n lọ sùn. Behance dáa o, ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó ń gbani síṣẹ́ náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n bí ilé ẹni gbogbo ṣe rí níbẹ̀ ni tìrẹ náà máa rí. Mo wo iye tí àwọn tó ń ta tẹ́ńpìléètì ń gbà lóṣù, dọ́là ni wọ́n ń kà, mo pa ojú ewé yẹn dé wẹ́rẹ́. GitHub Pages ni mo fàbọ̀ sí. Wọn ò gba kọ́bọ̀, HTML àti CSS lásán (èdè tí wọ́n fi ń kọ ojú ewé wẹ́bù) lo máa kó síbẹ̀, wọ́n á fún ẹ ní àdírẹ́sì tó parí sí github.io. HTML tí mo mọ̀ ò ju èyí tí wọ́n kọ́ wa ní sẹ́mísítà kan lọ, ṣùgbọ́n mo ní ojú ewé kan péré ni mo ń wá, kò lè pa mí.

Mo kó gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe jọ. Lógò, fláyà ṣọ́ọ̀ṣì, pósítà tí a ṣe fún ìdánwò, lébẹ́ẹ̀lì ọ̀rá gàrí tí mo ṣe fún àǹtí mi kan, àwọn bátánì àdìrẹ tí mo lọ wò ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, káàdì ìpè ìgbéyàwó. Mo kà á, ó jẹ́ 30.

Àwọn iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ò sí nínú ẹ̀ o. Mo máa ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní ìrọ̀lẹ́ àti ní Sátidé, kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè, prógíráàmù ìsìnkú, ibẹ̀ ni owó oúnjẹ mi ti ń jáde, ṣùgbọ́n ta ló máa gbé prógíráàmù òkú síwájú dísáínà gidi? Ojú ń tì mí, kí n má purọ́. Nígbà tó yá mo ṣá mú ẹyọ kan, mo jù ú sísàlẹ̀ pátápátá níbi tí ojú ò ní tètè dé, torí mo rò pé 31 dún ju 30 lọ.

Ọjọ́ 3

Mo ti gbé e sókè. Inú mi dùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Èyí tó wà nínú fóldà láptọ́ọ̀pù ń dán gbinrin, mo wá ṣí èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdajì fọ́tò ò sí níbẹ̀, àwòrán kékeré tó ya yẹn nìkan ló ń wò mí. Alẹ́ kan gbáko ni mo fi wá a. Mo pa kóòdù rẹ́, mo tún un kọ, mo bú kọ̀ǹpútà, iná lọ, iná dé, àṣé ọ̀rọ̀ lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré ni. Fóònù mi máa ń fi .JPG parí orúkọ fọ́tò, èmi dẹ̀ kọ .jpg sínú kóòdù. Lójú Windows ẹnì kan náà ni wọ́n. Lójú GitHub Pages, wọn ò bára wọn tan rárá. Ìdí nìyẹn tó fi dáa nílé tó dẹ̀ bàjẹ́ níta. Mo yí orúkọ gbogbo fáìlì sí lẹ́tà kékeré, mo yọ àlàfo kúrò, mo yọ àmì ohùn kúrò nínú orúkọ fáìlì náà, "Àdìrẹ 1.JPG" wá di "adire-1.jpg", ó parí.

Ó parí ni mo wí? Bàbá mi ṣí i lórí fóònù tiwọn. Wọ́n ní ó ń yí. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n jẹ ẹ̀bà, wọ́n fọwọ́, wọ́n padà wá, ó ṣì ń yí. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan tó ti inú fóònù mi jáde tó MB 4, ẹ fi 31 sọ ọ́ di púpọ̀, MB 124 nìyẹn, lẹ́ẹ̀kan náà, fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá mo mọ lógò í ṣe. Dátà tí mo ń bá èèyàn jẹ yẹn, èmi náà ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Squoosh tó ń dín ìwọ̀n fọ́tò kù ni mo lò, inú bùráúsà lèèyàn ti ń lò ó, fọ́tò ọ̀hún ò dẹ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà rẹ lọ síbì kankan. Mo gé gbogbo ẹ̀ sí fífẹ̀ píksẹ́lì 1600, mo sọ wọ́n di WebP, irú fáìlì fọ́tò tó fúyẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wá sílẹ̀ sí KB 250 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Mo wá kọ loading="lazy" sára àwọn tó wà nísàlẹ̀ kí wọ́n máa dúró títí ojú á fi dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àti pé lébẹ́ẹ̀lì gàrí yẹn, àwọ̀ ewé tó wà lára ẹ̀ ti di nǹkan míì lórí síkírínì. Ti ìtẹ̀wé ni mo gbé jáde láti inú CorelDRAW, CMYK, bẹ́ẹ̀ RGB ni síkírínì ń fẹ́. Mo tún un gbé jáde. Ìyẹn ò gbà ju ìṣẹ́jú méjì.

Ọjọ́ 4

Orúkọ mi ní ṣ, ó ní ẹ́, ó ní ọ̀. Ìdààmú pé.

Láti ọjọ́ kìíní ló ti ń yọ mí lẹ́nu. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí fáìlì yẹn lórí láptọ́ọ̀pù, ibi tó yẹ kí ẹ wà, áº¹ ló wà níbẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ń bú mi lédè tí mi ò gbọ́. Ìyẹn rọrùn ṣá. Mo gbàgbé láti kọ meta charset="utf-8" sórí HTML ni. UTF-8 ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń pa lẹ́tà mọ́ sínú fáìlì, báìtì mẹ́ta ni ẹ nínú ẹ̀, bùráúsà wá ń ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bíi lẹ́tà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Èyí tó le ni fóńtì, ìyẹn fáìlì tó ń sọ bí lẹ́tà ṣe máa rí lójú. Mo ti wa fóńtì kan sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ó rẹwà bí ọmọ tuntun, ó ní á, ó ní è, mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Mo tẹ orúkọ mi, lẹ́tà méjì jẹ́ ti fóńtì yẹn, ẹ́ jẹ́ ti fóńtì míì tí bùráúsà yá wá láti ibi tí mi ò mọ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín àwọn tó sanra, ó dà bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀. Mo jìjàkadì títí di aago kan òru. Ìgbà tó sú mi, mo yọ gbogbo àmì kúrò, mo kọ orúkọ mi ní ìhòòhò bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sórí káàdì ìdánimọ̀, mo sùn.

Ọjọ́ 6

Ìmọ̀ràn ló kù. Mo kọ̀wé sí èèyàn 11, LinkedIn àti Instagram. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí: "Ẹ káàárọ̀ sà, mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ dísáìnì, mo fẹ́ràn iṣẹ́ yín púpọ̀, mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ mentor mi." Kò sẹ́ni tó fèsì, ẹyọ kan! Mo bínú lọ́jọ́ kìíní, lọ́jọ́ kejì mo tún un kà bí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí, mo wá rí i pé èmi náà ò ní fèsì. Ó dà bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn ẹni tí kò mọ̀ lóru, tó ní kí wọ́n wá tọ́ òun dàgbà.

Mo tún un kọ. Ìlà mẹ́rin. Ẹni tí mo jẹ́, ohun tí mo ń wá (IT ọdún kan), líǹkì, àti ìbéèrè mẹ́ta: iṣẹ́ wo lẹ máa yọ níbẹ̀, ibo ló ti sú yín, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ gba ọmọ IT, kí lẹ wá tẹ́ ẹ ò rí? Mo fi kún un pé ìṣẹ́jú 20 tó, tí ò bá sí àyè kò burú. Èèyàn márùn-ún ni mo fi ránṣẹ́ sí, méjì dáhùn.

Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ màdámù kan tó ń ṣe dísáìnì ọ̀rá àti páálí oúnjẹ. Vóìs nóòtì kan péré ni wọ́n fi ránṣẹ́, kò pé ìṣẹ́jú méjì, lórí lébẹ́ẹ̀lì gàrí nìkan. Wọ́n ní ó rẹwà, wọ́n ní àwọ̀ ẹ̀ ń wù wọ́n, "ṣùgbọ́n ọmọ mi, níbo ni nọ́mbà NAFDAC máa wà? Ìwọ̀n gàrí ńkọ́? Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tó máa bàjẹ́, àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é? O ti fi òdòdó kún gbogbo ibẹ̀." Mo lọ wo ọ̀rá náà. Òótọ́ ni. Òdòdó ló kún un.

Mo fẹ́ràn vóìs nóòtì yẹn ju gbogbo máàkì tí mo ti gbà lórí iṣẹ́ ọ̀hún lọ. Torí pé ní kíláàsì, kò sẹ́ni tó béèrè bóyá wọ́n lè tà á.

Ọjọ́ 9

Ẹnì kejì jẹ́ ẹ̀gbọ́n kan tó jáde ní dìpátímẹ́ǹtì wa ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ń ṣe dísáìnì áàpù ní ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó. Wọ́n pè mí lórí WhatsApp, inú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Third Mainland Bridge ni wọ́n wà, ẹlòmíì ló ń wakọ̀, wọ́n ní orí fóònù làwọn ti ń wò ó báyìí, bẹ́ẹ̀ dẹ̀ làwọn ṣe máa ń wo ti gbogbo èèyàn. Mo ti ní bébà àti bírò lọ́wọ́. Mo ti múra láti gbọ́ nípa àwọ̀, bóyá gríìdì.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí: "Àbúrò, báwo la ṣe ń pe orúkọ rẹ?"

Mo pè é.

"Kí ló dé tó ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Fóńtì ò gbé e, sà."

"Ta ló yan fóńtì?"

Mo dákẹ́. Àwọn náà dákẹ́. Mo ń gbọ́ họ́ọ̀nù dánfó lẹ́yìn wọn.

Wọ́n wá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń sọ ohun tójú wọn ń rí. Mo ti ya àwọn ìlà kan tó fi hàn bí mo ṣe mọ sọ́fítíwíà tó, Photoshop 85%, Illustrator 80%, Figma 70%. Wọ́n ní, "85% ti kí ni? 15% tó kù, níbo ló wà?" Mo yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n dé ibi gàrí, mo ti wa fọ́tò bílíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ kan sílẹ̀, mo gbé lébẹ́ẹ̀lì àǹtí mi sórí ẹ̀ láàárín òpópónà New York, àwọn takisí ofeefee ń kọjá lábẹ́ ẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ti ń mu gàrí Ìjẹ̀bú níbẹ̀ ni?" Wọ́n ní kí n lọ ya ọ̀rá gidi, pẹ̀lú gàrí gidi nínú ẹ̀, lórí tábìlì ẹni tó ń tà á.

Ti àdìrẹ ló dùn mí jù. Mo kọ "dísáìnì bátánì: èmi" sábẹ́ Ìbàdàndùn kan, èyí tó ní òpó Mápó nínú. Wọ́n ní, "Ìwọ lo ṣe Ìbàdàndùn?" Mo ní rárá sà, mo tún un yà lórí kọ̀ǹpútà ni. "Kọ bẹ́ẹ̀." Òótọ́ kúkú ni. Àwọn ìyá tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti ń ya òpó yẹn kí wọ́n tó bí ìyá mi. Mi ò ní in lọ́kàn láti jí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, mi ò tiẹ̀ rò ó ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wò ó ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni wọ́n wá ń bi mí lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan látìgbà yẹn lọ: kí ni ìwọ ṣe níbẹ̀? Ta ló ya fọ́tò? Ta ló kọ ọ̀rọ̀? Kí ni kọ́sítọ́mà fẹ́, kí lo fún wọn? Nínú iṣẹ́ 31, mo lè dáhùn dáadáa lórí mẹ́fà.

Wọ́n wá dé ìsàlẹ̀ pátápátá.

"Kí lèyí?"

"Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni sà, ẹ má dá ìyẹn lóhùn."

"Mo ti ń wò ó. Ìwọ lo to oríkì yìí?"

Ni mo bá sọ ìtàn ẹ̀ fún wọn. Ojú ewé 24 ni, òru ọjọ́ kan la fi ṣe é, ìsìnkú ku ọ̀túnla. Orí fóònù ni àwọn ọmọ olóògbé ti tẹ ọ̀rọ̀ wá, kò ní àmì kankan, oríkì baba náà dẹ̀ wà lórí bébà ọ̀tọ̀ tí àbúrò baba fọwọ́ kọ. Fóńtì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà yẹn kò mọ ẹ́ àti ọ̀, tó o bá tẹ̀ ẹ́, àmì á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi fìlà tó fẹ́ já bọ́. Mo wá ń fi àmì ìdánudúró há abẹ́ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi ọwọ́ sún un, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Gbogbo ẹ̀ pé àyàfi ẹyọ kan lójú ewé 7. Àkọ́bí olóògbé dé láàárọ̀ kùtù wá wo ẹ̀dà tá a kọ́kọ́ tẹ̀, wọ́n ń kà á jẹ́jẹ́, wọ́n dúró. Ibi tó yẹ ká ti kà pé baba jẹ́ ọkọ rere, oko rere ló wà níbẹ̀. Ká tiẹ̀ dúpẹ́ pé oko ló bọ́ sí, ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ibi burúkú tí ì bá tún bọ́ sí. Wọn ò bínú, wọ́n rẹ́rìn-ín ni, wọ́n ní baba fẹ́ràn oko lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, mi ò kí ń jẹ́ kí Yorùbá kankan kúrò lọ́wọ́ mi láìjẹ́ pé mo ké e sókè, ẹlòmíì dẹ̀ di bébà mú tó ń bá mi wò ó.

Ẹ̀gbọ́n ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Wọ́n wá ní, "Kí ló dé tí èyí fi wà nísàlẹ̀? Gbogbo ọmọ dísáìnì tí mo rí ló ní lógò ilé kọfí tí kò sí níbì kankan láyé. Mi ò tíì rí ẹni tó sọ fún mi bó ṣe to oríkì." Ìṣẹ́jú 20 tí mo bẹ̀ fún ti di 47. Wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá.

Ọjọ́ 10

Ẹ̀gbọ́n ní kí n fi iṣẹ́ márùn-ún péré sílẹ̀. Mo lọ bá olùkọ́ mi kan, torí mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni màá tẹ̀lé. Wọ́n ní rárá o, márùn-ún kéré jù, kí n fi bí ọwọ́ mi ṣe gbòòrò tó hàn, ìyàwòrán, ìtẹ̀wé, fọ́tò, gbogbo ẹ̀, ó kéré tán 12. Mo rò ó lọ rò ó bọ̀. Mi ò rò pé ẹnì kankan nínú wọn ń ṣìnà, olùkọ́ ń wá ohun tí wọ́n fi máa fún èèyàn ní máàkì, ẹ̀gbọ́n ń wá ẹni tó máa jókòó tì wọ́n láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbani síṣẹ́ ni mo ń lọ, torí náà márùn-ún ló wà lórí wẹ́bsáìtì, mo kó 12 sínú PDF kan fún ẹni tó bá béèrè, àwọn tó kù padà sínú FINAL FINAL 2 kí wọ́n máa sinmi.

Ọjọ́ 12 sí 14

Ọjọ́ mẹ́ta yìí ló dùn jù.

Mo kọ́kọ́ pe ìdílé olóògbé láti tọrọ àyè. Wọ́n ní kò burú, kí n bo orúkọ àti fọ́tò baba. Mo bò ó. Mo wá bébà oríkì tí wọ́n fọwọ́ kọ yẹn rí, ó ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí bírò pupa yí "oko rere" po. Mo ya méjèèjì nídìí fèrèsé, kò sí fíláàṣì, mo tò wọ́n ṣáájú èyí tó jáde gbẹ̀yìn. Ẹ̀rù bà mí láti gbé àṣìṣe ara mi síta, àmọ́ láìsí bírò pupa yẹn kò sí ìtàn kankan níbẹ̀, ìwé lásán ni.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mo rí i pé ohun tó ṣe mí ní ṣọ́ọ̀bù lóru ọjọ́ yẹn náà ló ń ṣe orúkọ mi lórí wẹ́bsáìtì. Mo wá jókòó, mo ní màá lóye ẹ̀ dé gbòǹgbò lónìí.

Ó rí báyìí. Nínú Unicode, ìyẹn àkójọ nọ́mbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, á ní nọ́mbà tirẹ̀, U+00E1, èdè púpọ̀ ló ń lò ó. Ẹ náà ní tirẹ̀, U+1EB9, torí pé àwọn ará Vietnam ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ́, àmì lókè àmì nísàlẹ̀, kò ní nọ́mbà kankan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni, ẹ pẹ̀lú U+0301, fóńtì fúnra ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tó máa gbé àmì yẹn kà lórí lẹ́tà. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tí kò bá tiẹ̀ ní in rárá, bùráúsà á lọ yá lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Nítorí náà kéèyàn rí á nínú fóńtì kò sọ nǹkan kan fún un. Ẹ́, ọ̀ àti ṣ ni kẹ́ ẹ fi dán an wò.

Mo ju fóńtì arẹwà yẹn nù, mo mú Noto Sans. Lẹ́tà tún yàtọ̀ síra! Mo fẹ́ bú sẹ́kún. Mo wá rántí pé torí kí dátà má pọ̀, fáìlì kan ṣoṣo ni mo wà sílẹ̀, èyí tí Google Fonts pè ní latin. Wọ́n pín fóńtì náà sí wẹ́wẹ́ ni: ṣ wà nínú latin-ext, ẹ àti ọ wà nínú èyí tí wọ́n pè ní vietnamese, àmì ohùn tó máa gun orí wọn náà wà níbẹ̀. Ẹ gbà mí o, Yorùbá mi ń gbé ilé onílé. Mo wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, mo kọ @font-face mẹ́ta, kálukú pẹ̀lú unicode-range tirẹ̀, kí bùráúsà lè mọ ẹni tó máa pè fún lẹ́tà wo. Mo sé ilẹ̀kùn. Mo tún ojú ewé náà ṣí.

Orúkọ mi dúró ṣánṣán. Gbogbo lẹ́tà sanra bákan náà. Mo ya síkírínì, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi, wọ́n ní, "Ó dáa, ṣé o ti jẹun?"

Mo fi gbogbo ìyẹn kún iṣẹ́ prógíráàmù yẹn, bí mo ṣe fọwọ́ sún àmì lóru ọjọ́ náà, àti bí màá ṣe ṣe é tó bá jẹ́ lónìí. Mo gbé e sókè pátápátá, òun ló ṣíwájú báyìí.

Ọjọ́ 17

Nǹkan kéékèèké. Àkọlé mi ní ìlà méjì, mo ti fún wọn pọ̀ kó lè dà bíi ti àwọn wẹ́bsáìtì òyìnbó, line-height: 1, kíkán abẹ́ ọ ìlà òkè wá ń kan àmì orí Ẹ́ ìlà ìsàlẹ̀. Yorùbá ń fẹ́ àyè lókè àti nísàlẹ̀. Mo sọ ọ́ di 1.35. Ibi tó ń sọ èdè tí wọ́n fi kọ ojú ewé mi, lang="en" ló wà níbẹ̀ látìgbà tí mo ti da tẹ́ńpìléètì kọ, mo yí i sí "yo" níbi tí Yorùbá wà. Ọ̀rọ̀ aláwọ̀ eérú tí mo kọ sórí àwọ̀ ìpara, ẹ̀gbọ́n ní àwọn ò rí i nínú oòrùn, mo wọn bí ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ méjèèjì ṣe yàtọ̀ síra tó, kò tó 4.5 sí 1 tí wọ́n ní kó tó, mo jẹ́ kó dúdú sí i. Ọ̀rá gàrí ti ní ibi NAFDAC, ìwọ̀n àti ọjọ́, òdòdó ku méjì, àǹtí mi ní èyí tàtijọ́ ló wu àwọn. Hmm. Mo gbé méjèèjì síbẹ̀, mo kọ ìdí ẹ̀.

Ọjọ́ 20

Gbogbo ojú ewé náà kò ju MB 2 lọ báyìí. Ó ń ṣí lórí fóònù bàbá mi kí ẹ̀bà tó tutù. Mo ti fi líǹkì ránṣẹ́ sí ibi mẹ́rin láti ìjẹta, kò sẹ́ni tó pè, mo ń wo fóònù bí ẹni tó ń dúró de àbájáde ìdánwò.

Mo gbé e fún ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Wọ́n wọ jígí. Wọ́n ka orúkọ mi sókè bó ṣe yẹ ká pè é, ọdún kejì tí mo ti wà lọ́dọ̀ wọn nìyí, "Ìyá Poly" ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n wo prógíráàmù ìsìnkú yẹn pẹ́, wọ́n ní, "O ò tiẹ̀ bo bírò pupa yẹn." Mo ní rárá sà. Wọ́n mi orí. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tẹ bọ́tìnnì WhatsApp tó wà nísàlẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n tún un tẹ̀.

"Kiní yìí ò lọ o. Ó ní nọ́mbà yẹn ò dáa."

Mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo kọ nọ́mbà mi sẹ́yìn wa.me, àdírẹ́sì líǹkì WhatsApp, bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ fún èèyàn, pẹ̀lú òdo níwájú. Kò gbà bẹ́ẹ̀, 234 ló ń fẹ́, kéèyàn dẹ̀ yọ òdo yẹn kúrò. Ọjọ́ mẹ́ta ni bọ́tìnnì ọ̀hún fi wà níbẹ̀ tó ń dán tí kò gbé ẹnikẹ́ni débì kankan. Mo tún un ṣe níbẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e sókè, mo ní kí wọ́n tún un tẹ̀.

Fóònù mi dún. Ọ̀gá ni, wọ́n jókòó síwájú mi níbẹ̀ wọ́n ń kọ̀wé sí mi: kí n tètè dé lọ́la ní aago méje, prógíráàmù míì ti wọlé, ojú ewé 32, oríkì wà níbẹ̀.